Mo Sáré Dé Òpin Lọ́wọ́ Òfo

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Ìjù, òórùn ọṣẹ láti ilé-iṣẹ́ kan lẹ́yìn odi ilé-ẹ̀kọ́ wa ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi yóò rántí irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀: kí á gbálẹ̀, kí á pọnmi kún àmù, kí á fi ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà panu, kí á tó forí lé ilé-ẹ̀kọ́. Mo yára lẹ́sẹ̀ púpọ̀. Òun ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí, tí n kò tíì lóye rẹ̀ títí di òní.

Lọ́dọọdún, ilé-ẹ̀kọ́ wa máa ń pín wa sí ilé aláwọ̀ oríṣiríṣi fún ìdíje eré ìje. Ilé yẹ́lò ni èmi àti Múnírá, ọ̀rẹ́ mi, wà. Iṣẹ́ fákítìrì ló gbé àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ìwó. Yàrá wọn kọjú sí tiwa, inú àwo kan la sì ti ń jẹun. Tíṣà Àlàó, tó ń kọ́ wa léré, yan àwa mẹ́rin fún eré ìje tí a ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wa. Múnírá ni ẹnì kẹta. Èmi ni n ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, tí n ó sá a dé òpin. Ègé páìpù tí bàbá mi mú bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ni ọ̀pá wa.

Òfin Tíṣà Àlàó kò ju ẹyọ kan lọ. “Ṣadé, bó bá ti kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Na ọwọ́ sẹ́yìn, má wẹ̀yìn. Ọ̀pá á bá ẹ.” Ìgbà kan ṣoṣo tí mo wẹ̀yìn nígbà tí a ń kọ́ ọ, pàṣán méjì ni mo jẹ. Nílé, ìyá mi ní òfin tirẹ̀ tó jọ ọ́: bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ, tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn. Kò sí ọmọ ìgbà náà tí kò mọ ìyẹn.

Lọ́jọ́ ìdíje, Múnírá ló ṣíwájú àwọn yòókù bí ó ti ń bọ̀. Mo kọjú síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá, mo na ọwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀pá kò bá mi. Mo rò pé yóò tó bá mi. Mo gbọ́ “Ṣadé” lẹ́yìn mi, lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n gbogbo ilé yẹ́lò ló ń pariwo orúkọ mi. N kò wẹ̀yìn. Mo sáré, ọwọ́ mi nà sẹ́yìn bí ìrù, títí mo fi fi àyà já rìbọ́nì tó wà lópin. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ìgbà náà ni mo tó rí i pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Múnírá wà nílẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, orúnkún rẹ̀ ti bó, ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ta ló ní kó o máa sáré lọ́wọ́ òfo?” ni Tíṣà Àlàó bi mí.

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n má wẹ̀yìn, sà.”

Àwọn tíṣà yòókù bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ kan náà tí mo fi yọ̀.

Nígbà tí mo ròyìn nílé, bàbá mi, tó máa ń wà nídìí okùn nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ fákítìrì wọn bá ń fa okùn, ní nínú eré tiwọn, ẹni tó ń rìn sẹ́yìn ló ń borí. Ìyá mi, tó gbówọ́ nínú eré ẹlẹ́sẹ̀ tẹn-tẹn nígbà ọmọdé rẹ̀, ní ẹsẹ̀ ẹni tí a jọ ń ṣeré là ń wò. Mo ní, ẹni tó pè mí tí n kò rí ńkọ́? Ó ní, “Ìyẹn yàtọ̀.” Kò sọ ohun tó fi yàtọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ bá Múnírá. Kò gbà á.

“Mo pè ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ẹ́.”

“Mo rò pé àwọn tó ń wòran ni.”

“Ohùn mi ni o ò mọ̀ mọ́?”

Ṣé mo mọ ohùn náà nígbà tí mo gbọ́ ọ, àbí n kò mọ̀ ọ́n? Mo ti rò ó títí, n kò lè sọ. Kí ìsinmi sáà yẹn tó parí, wọ́n dá bàbá Múnírá dúró lẹ́nu iṣẹ́, òun àti àwọn òbí rẹ̀ sì kó padà sí Ìwó. Mo lọ pọnmi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo fi dé, ilẹ̀kùn wọn ti wà ní títì.

Ní báyìí, ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi kò ní pápá. Wọ́n ń yá a ni. Wọn kì í na àwọn ọmọ ní pàṣán mọ́, ọ̀pá wọn ń dán, àwọn òbí sì ń fi fóònù ya fídíò. Ṣùgbọ́n òfin náà kò yí padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi ní, “Mọ́mì, àńtí wa ní ká má wẹ̀yìn o.”

Mo ní, “Bó o bá gbọ́ ohùn ẹni tó gbé ọ̀pá bọ̀, dúró.”

“Wọ́n á gba ipò kìíní mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn.”

“Bóyá.”

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ eré. Bóyá n kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Nígbà náà, wọ́n pè mí, n kò wẹ̀yìn. Nísinsìnyí, lábẹ́ bíríìjì Sango tí mo máa ń gbà kọjá, bí ẹnikẹ́ni bá ké “Ṣadé”, mo máa ń dúró, n ó sì yíjú padà. Ṣadé pọ̀ ní Sango. Kò tíì sí ìgbà kan tó jẹ́ èmi ni wọ́n ń pè.