Àmì Ìka Lábẹ́ Ìkòkò

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń jí mi nílé tá a háyà lẹ́yìn Ajah, lọ́nà Awoyaya, kí Márúwá kankan tó dún lójú títì. Ìyá onílé wa ló ń yan án. Títí dòní, bí òórùn yẹn bá kàn mí nímú, àyà mi máa ń já.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àgùnbánirọ̀ tán nígbà náà, n kò ríṣẹ́, mo sì gbà tọkàntọkàn pé olóṣèlú kan máa tún àdúgbò wa ṣe. Ìkòkò ni àmì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá onílé kò mọ̀wé. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti wà láyé, àkàbà, àmì ẹgbẹ́ ọkọ wọn, ni wọ́n ń tẹ̀ka fún. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Mo ya ìkòkò sórí páálí, wọ́n ń ti àtàǹpàkò bọ èédú, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀ títí ọwọ́ wọn fi mọ́ ọn. Nítorí ìbò yẹn, àbúrò ọkọ wọn obìnrin, tí wọ́n jọ ń yan ẹja láti ọjọ́ pípẹ́, kò wọ àgbàlá wa mọ́. Ó ní wọ́n ti dalẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun tó wà nínú sàréè.

Olóṣèlú náà wọlé nínú ìbò. Kò pẹ́ tá a fi gbọ́ lórí rédíò pé ó ti fi ẹgbẹ́ ìkòkò sílẹ̀. Inú ẹgbẹ́ alákàbà ló bọ́ sí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Kì í ṣe ariwo ìyá onílé ni mò ń bẹ̀rù. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí wọ́n má pariwo rárá. Ojú ń tì mí, inú ń bí mi, inú sì tún ń bí mi sí ara mi pé ìbínú mi ju ìtìjú mi lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú náà kan wọlé, ó gbé páálí tuntun àti máákà lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n ya àkàbà fún àwọn àgbàlagbà de ìbò tó ń bọ̀, iṣẹ́ káńsù ń bọ̀ fún mi. Ìyá onílé wà nídìí ààrò, wọ́n ń yí ẹja padà.

"Ọ̀gá, ṣé àkàbà lẹ fẹ́ kó wá kọ́ mi?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

"Èmi tí mo ti mọ àkàbà kí wọ́n tó bí i yín." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ó yá, yà á. Mo fẹ́ wo ọwọ́ rẹ."

Mo ṣí máákà náà. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn, n kò ní parọ́ fún ọ. Mo tún fi ìdérí dé máákà náà, mo sì dá a padà fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ebi á kọ́ mi lọ́gbọ́n, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá onílé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ju páálí àtijọ́ yẹn síná.

"Fi í sílẹ̀. Ìka mi ló wà níbẹ̀, kì í ṣe tìẹ. Bóo bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ilé àbúrò ọkọ mi ni kóo lọ."

Wọ́n pọ́n ẹja méjì fún mi kí n mú lọ. Àbúrò ọkọ wọn gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kí n jókòó. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé olóṣèlú lè ti inú ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn láìpàdánù ohunkóhun. Ẹni tó bá a bẹ èèyàn ni yóò máa kanlẹ̀kùn kiri. Mo ṣì ń lọ sílé obìnrin náà. Kò tíì ní kí n jókòó.