Orúkọ tí Mi Ò Túmọ̀

Ẹni tó bá rí bí mo ṣe ń kanra mọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lórí àròkọ, á rò pé orí ló ń fọ́ mi. Ọdún gbọọrọ ni mo fi kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, n kò sì fún ọmọ kankan ní iṣẹ́ àṣetiléwá lórí ìyá rẹ̀ rí. Kí wọ́n kọ nípa ewúrẹ́. Kí wọ́n kọ nípa òjò, tàbí ọ̀nà oko. Ìyá wọn kẹ̀? Rárá o. Alábẹ̀wò kan bi mí nídìí rẹ̀ nígbà kan, mo ní kò sí ìdí. Irọ́ ni mo pa fún un. Ìdí wà.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, nílé ahunṣọ. Ó ku ọdún díẹ̀ kí ogun Jámánì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bàbá mi yọ̀ǹda mi fún ilé ìwé ìjọ. Èmi nìkan ṣoṣo ló lọ nínú gbogbo agboolé wa. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí òfì, wọ́n sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ mi ò yá tó láti hun aṣọ, ni wọ́n fi ní kí n lọ máa fi ẹfun ha òkúta. Sìlétì mi ni wọ́n ń pè ní òkúta. Ó máa ń dùn mí, àmọ́ mo ti mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, èmi ni n ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajẹ́lẹ̀, tí àwọn á sì wá máa bẹ̀ mí.

Torí ohun tí tíṣà wa ń fẹ́ fún wa nìyẹn. Ará Ẹ̀gbá ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kóòtù dúdú kan náà ló ń wọ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn. Ó ní ọ̀nà kan tó ń gbà kọ́ wa. Bí o bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ wá láti ilé, o ó dìde, o ó ka gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì, o ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá lójú ẹsẹ̀ kí o tó bọ́ sórí èkejì. Ó ní ẹni tí kò bá lè túmọ̀ ohun tó kà, ayékòótọ́ lásán ni. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa yóò di ògbufọ̀ ní kóòtù, iṣẹ́ ńlá sì nìyẹn láyé ìgbà náà. Mi ò fọ́nnu o, àmọ́ nínú àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà ní kíláàsì yẹn, èmi ni mo mọ̀ ọ́n túmọ̀ jù.

Lọ́jọ́ kan ó kọ iṣẹ́ sójú pátákó: kí olúkúlùkù kọ gbólóhùn mẹ́fà nípa ìyá rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni kí ó ṣáájú, kí ìlú tí wọ́n ti bí i tẹ̀ lé e, kí iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ìyẹn. Mo ní ṣé iṣẹ́ nìyí. Mi ò tilẹ̀ dúró kí ilẹ̀ ṣú, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé orúkọ ìyá mi ni Ìyá Lágbájá, mo fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi àgbà sí i, bí gbogbo ilé ṣe ń pè é. Tíṣà wò ó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kúrò.

“Orúkọ ọmọ rẹ̀ nìyí. Orúkọ tirẹ̀ ńkọ́?”

Ẹ̀rín pa àwọn yòókù. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi tán lẹ́nu wọn, torí bó ṣe rí fún mi náà ló rí fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọmọ wo ló ń pe ìyá rẹ̀ lórúkọ?

Mo kọ́kọ́ lọ bá bàbá mi nídìí òfì. Mo ní, “Bàbá, kí ni orúkọ ìyá mi?” Ọ̀kọ̀ ìhunṣọ tó fẹ́ tì bọ inú òwú dúró sí i lọ́wọ́.

“Ta ló ń béèrè? Ṣé ajẹ́lẹ̀ ni?”

“Tíṣà ni, sà.”

“Kí ni tíṣà fẹ́ fi orúkọ ìyàwó mi ṣe?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí hunṣọ padà, kò wojú mi. Ó ní, “Lọ bi í. Ohun tó bá sọ fún ọ, òun ló sọ ọ́, èmi kọ́.”

Èsì yẹn ò yé mi. Ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ran òwú lábẹ́ igi ọsàn. Mo jókòó tì í.

“Ìyá, kí ni orúkọ yín?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí rẹ pé ṣá? Kí ni wọ́n ń pè mí?”

“Tíṣà ní ti ọmọ nìyẹn. Ó ní tiyín gan-an.”

Ó dárúkọ kan fún mi. Ó ní ìyá bàbá mi, ẹni tó ti kú kí n tó gbọ́n, ló sọ òun bẹ́ẹ̀. Èmi ọ̀mọ̀ràn, mo tún béèrè pé, “Ṣé ìyá ọkọ ló ń sọ ìyàwó lórúkọ ni? Àwọn tó bí yín ńkọ́?”

Ìrànwú tó ń yí dẹwọ́, ó ṣubú sílẹ̀. Kò gbé e. Ó ní, “Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí.”

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Kò ga tó odó nígbà náà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣa èso igi èmi, tí wọ́n fi ń ṣe òrí, lẹ́yìn odi ìlú wọn, ìlú kékeré kan lápá ọ̀nà Ṣakí tí kò sí mọ́. Àwọn ológun yọ sí wọn. Wọ́n rìn, wọ́n rìn, wọ́n sì tà á. Ìyá bàbá mi ló rà á. “Kò fi ìyà jẹ mí o,” ó tẹnu mọ́ ọn. “Ó kàn ní orúkọ tí mo gbé wá gùn jù fún òun, ó wá sọ mí ní òmíràn. Nígbà tí mo dàgbà, ó fà mí lé bàbá rẹ lọ́wọ́.”

Lẹ́yìn náà ló pe orúkọ tí wọ́n bí i mọ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. N ò ní kọ ọ́ síbí.

Kò pe ara rẹ̀ lẹ́rú. Èmi ni mo pe ọ̀rọ̀ náà nínú mi. Mo gbójú sókè wo ilà ojú rẹ̀ tí kò jọ tiwa, tí mo ti ń wò látìgbà tí mo ti dáyé, tí mi ò sì bi ara mi léèrè rí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ yẹn ni mo bá ọmọ kíláàsì mi kan jà nítorí pẹ́ńsùlù, tí mo sì pè é ní ọmọ ẹrú. Kò sí èébú tó burú jùyẹn lọ ládùúgbò wa. Ó sunkún lọ sílé. Háà! Èmi gan-an wá lọ́mọ ẹrú.

“Ṣé wọ́n á kà á?” ni ìyá mi béèrè.

“Tíṣà nìkan ni, Ìyá. Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa fi kọ ọ́. Kò sí ẹni tó máa gbọ́.”

“Kò sí ẹni tó máa gbọ́,” ó wí tẹ̀ lé mi. Ó mú ìrànwú rẹ̀ nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ran òwú padà, ó wá ní, “Àwọn ará Àgọ́-Àrẹ kì í wá síbi ìdánwò yín?”

“Wọ́n máa ń wá.” Gbangba ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń ṣe ìdánwò ọdọọdún wa, níwájú àwọn òbí àti àwọn ọmọ ìjọ láti àwọn ìlú ọ̀nà Ṣakí.

Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á.

Mo kọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ: orúkọ, ìlú tó tú, èso èmi, ọjà. Gẹ̀ẹ́sì dà bí àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ lójú mi nígbà náà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo sì da gbogbo ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. Tíṣà kà á tán. Nígbà tí àwọn yòókù jáde, ó pè mí.

“Òótọ́ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Èyí ni wàá kà lọ́jọ́ ìdánwò. Wàá kà á, wàá sì túmọ̀ rẹ̀.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n kọ ti ewúrẹ́. Ó ní kí n dìde. Ó ní, “Ìyá tó bí ìyá tèmi náà, wọ́n tà á. Kì í ṣe òun ló yẹ kí ojú tì.” Ọ̀rọ̀ rere ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí. Lọ́jọ́ yẹn, ohun tí mo sọ nínú mi ni pé ìwọ ará Ẹ̀gbá, wàá padà sílé rẹ. Èmi ńkọ́, tí mo máa máa gbé Ìsẹ́yìn?

Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù sí ìdánwò. Ohun tó ń kó ìpayà bá mi ni pé n kò tí ì rí ìyá mi kó mójú tó ara rẹ̀ bíi ti ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó dirun. Ó fọ aṣọ òfì tí bàbá mi fi gbé e níyàwó, ó sá a sóòrùn. Ó ń bi mí lójoojúmọ́ pé, “Ó ku ọjọ́ mélòó?” N ò sọ fún un pé wọ́n ní kí n kà á, àmọ́ ọmọ kíláàsì mi kan ti sọ fún ìyá tirẹ̀ pé èmi ni n ó ka ti ìyá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe tàn dé ilé wa.

Ọjọ́ náà pé. Òwúrọ̀ ni, nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Òyìnbó alábẹ̀wò jókòó síwájú. Àwọn ará ilé bàbá mi kún ìjókòó méjì. Àwọn ọmọ ìjọ láti Ṣakí àti Àgọ́-Àrẹ wà lápá òsì. Ìyá mi jókòó sí etí ọ̀nà, ó na ọrùn, ó ń wò mí. Ọmọ tí mo bú ní ọmọ ẹrú jókòó sẹ́yìn mi gan-an.

Tíṣà pè mí. Mo dìde. Mo ka gbólóhùn kìn-ín-ní ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo dé orúkọ náà, mo pè é bí òyìnbó ṣe ń pe orúkọ wa, mo tẹ́ gbogbo ohùn rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹni tó ni ín pàápàá ò lè mọ̀ ọ́n. Mo wá túmọ̀. Mo dárúkọ tí ìyá bàbá mi fún un. Mo ka ìkejì, mo túmọ̀ rẹ̀ pé ìlú Ìsẹ́yìn yìí ni wọ́n bí ìyá mi sí. Ìkẹta, èso èmi àti àwọn ológun, mo túmọ̀ rẹ̀ pé ó mọ òwú ran ju gbogbo obìnrin àdúgbò lọ. Títí dé ìkẹfà. Irọ́ ń yọ̀ lẹ́nu mi bí ilá. Òyìnbó ń mi orí sí Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn wa ń mi orí sí Yorùbá, inú gbogbo wọn dùn.

Gẹ̀ẹ́sì mi ti kọjá ohun tó lè yé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ méjèèjì. Tíṣà wò mí títí, mo ń retí pàṣán. Ó ní, “Jókòó.” Òyìnbó náà pè mí, ó fún mi ní kálámù tuntun. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo wojú ibi tí ìyá mi wà, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo bá a nílé, ó ń ká aṣọ òfì náà. Mo na kálámù sí i. Kò gbà á.

“Mo rò pé wàá pè mí,” ó ní.

Mo gbé kálámù náà sílẹ̀.

“Ìyá arúgbó kan jókòó láàárín àwọn ará Àgọ́-Àrẹ. Ilà tèmi yìí ló wà lójú rẹ̀. Mo ní bó bá gbọ́ orúkọ yẹn, bó bá jẹ́ ara wa ni, á dìde.”

“Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò lọ bá a?”

“Níwájú àwọn ará ilé bàbá rẹ? Ta ni n ó ní mo jẹ́? Èmi ò ní ẹnu nílé yìí. Ìwọ ọmọ ilé, bí o bá wí i, a ti wí i nìyẹn.” Ó ti aṣọ náà bọ inú agbọ̀n. “O ti ní kò sí ẹni tó máa gbọ́. Èmi ni mi ò fetí sí ọ.”

Mo sáré. Mo gba ẹnu bodè ọ̀nà Ṣakí jáde, mo sáré títí ẹ̀gbẹ́ fi ń gún mi. Àwọn ará Àgọ́-Àrẹ ti lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n wá, ìyá arúgbó ò sí láàárín wọn. Wọ́n ní ọyẹ́ ló mú un lọ. Bóyá ẹbí ìyá mi ni, bóyá kì í ṣe òun, Ọlọ́run ló mọ̀.

Mo máa ń sọ fún ara mi nígbà náà pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe purọ́, kí ojú má bàa tì í. Irọ́ tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Torí ara mi ni, torí ọmọ tó jókòó sẹ́yìn mi. Àwọn àgbà ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Mo mọ òwe náà láti kékeré. Mo tilẹ̀ lè túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ìyá mi dàgbà, ó darúgbó, kò pe orúkọ yẹn sétí mi mọ́. Lọ́jọ́ tí a sin ín, pásítọ̀ béèrè orúkọ tí òun máa pè létí sàréè. Àwọn ará ilé dárúkọ tí wọ́n mọ̀. Mo ní rárá. Mo súnmọ́ etí kòtò, mo pe orúkọ ìyá mi, mo fi gbogbo ohùn rẹ̀ pè é, mo ké e jáde. Àwọn ènìyàn ń wo ara wọn. Ọmọ mi obìnrin fà mí láṣọ.

“Bàbá,” ó ní, “ta lẹ ń pè?”