Irin Tí Mo Kàn Mọ́ Yàrá Ilé Wa ní Òkè Ìdànrè

Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ ní irọ́ ni mo ń pa, kò burú, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n etí mi yìí ló gbọ́ ọ, ojú mi yìí ló rí i, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, n kò sì fẹnu kan ọtí lọ́jọ́ náà.

Rédíò àti fóònù ni mo ń tún ṣe níbí ní Ìdànrè. Fẹ́mi náà ń tún un ṣe. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ àwa méjèèjì níṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù wa sì kọjú síra. Ọ̀rẹ́ mi ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n má fi bò fún yín: ohun gbogbo tó bá ti jẹ́ ti Fẹ́mi máa ń dára ju tèmi lọ, ó sì máa ń dùn mí wọ eegun.

Bí a bá ti ṣe iṣẹ́ oníbàárà tán, ohun tí àwa méjèèjì fi ń ṣeré ni pé ká máa to rédíò tiwa fúnra wa. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ fi ń gbọ́ ìròyìn o. Tiwa ń wá ìró tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tó ń gba inú ilẹ̀ kọjá. Ẹ óò kan irin méjì mọ́lẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ óò so wáyà gígùn mọ́ wọn, wáyà náà á wọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á wá gbé ìró yẹn sókè sí yín létí. Mànàmáná tó ń kọ níbi tó jìnnà réré, ẹ óò gbọ́ ọ tí yóò máa ta bí epo àkàrà.

Ohun tó ń dà wá láàmù ni iná. Bí iná bá wà nílùú, á máa hùn nínú ẹ̀rọ, kò ní jẹ́ kí èèyàn gbọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá mú iná, tí gbogbo àdúgbò ń ṣépè, ṣe ni àwa méjèèjì ń sáré lọ gbé hẹ́dífóònù. Síbẹ̀, Fẹ́mi á gbọ́ mànàmáná, èmi á gbọ́ ẹ̀fọn. Irin kan náà, wáyà kan náà! Ẹ gbà mí gbọ́, ó kù díẹ̀ kí n la ẹ̀rọ mi mọ́ ògiri.

Ni mo bá ní ká gun Òkè Ìdànrè lọ. Ìlú àtijọ́ tó wà lókè níbẹ̀ ti di ahoro, kò sí òpó iná, kò sí jẹnẹrétọ̀. Ilé ìdílé màmá mi sì wà níbẹ̀, ògiri rẹ̀ ṣì dúró díẹ̀díẹ̀. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ní ilé tiwa, ó di dandan kí n gbọ́ ohun tí Fẹ́mi kò gbọ́ rí.

A ru bátìrì ọ̀kadà gun àtẹ̀gùn yẹn títí ẹsẹ̀ wa fi ń gbọ̀n. Nígbà tí a débẹ̀, àpáta kò gba irin. Mo kàn án lójúde, ó dún gán-án, òòlù ta padà. Mo kàn án lẹ́yìnkùlé, bákan náà ni. Irin kejì, inú ihò àpáta kan tí omi òjò gbára jọ sí la há a sí.

Ìgbà tí mo wá wọ yàrá kan nínú ilé wa, ní apá ọ̀tún, irin àkọ́kọ́ wọlẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ iṣu sísè. Inú mi dùn. Mo kàn án dé ìdajì, mo ní ó tó.

Ẹ wo èmi náà o! Ọmọ Ìdànrè ni mí. Mo mọ̀ pé inú ilé ni àwọn ará àtijọ́ ń sin òkú wọn sí. Mo mọ̀ pé lórí àpáta, ibi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀, wọ́n ti gbẹ́ ibẹ̀ rí ni. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Bí n ó ṣe ju Fẹ́mi lọ ni mo ń rò.

Nítorí pé ọwọ́ mi wà lára ẹ̀rọ, mo fi hẹ́dífóònù bo etí Fẹ́mi kó bá mi gbọ́ ọ. Èmi fúnra mi ni mo fi bò ó o.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí lo gbọ́?"

"Ìyá àgbà kan ni," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo já a gbà, mo fi bo etí tèmi. Kò sí nǹkan kan. Mo dá a padà fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wá sún orí mi mọ́ tirẹ̀, ìgbà yẹn ni èmi náà gbọ́ ohùn tín-ín-rín tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ hẹ́dífóònù. Èdè Ìdànrè àwọn àgbàlagbà ló ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí kó lè yé gbogbo wa.

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti ká kòkó tán?"

"Ó kù díẹ̀, Mà," Fẹ́mi dáhùn, ó dojú kọ ilẹ̀.

Ẹ̀rọ wa kò ní ẹnu o. Etí nìkan ló ní. Kò sí bí ohùn Fẹ́mi ṣe lè gba inú rẹ̀ lọ síbì kankan. Síbẹ̀, ẹni náà gbọ́ ọ.

"Ilé yìí ti dákẹ́ jù," ohùn náà ní. "Dúró tì mí."

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní sẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rù tó dé ni ìlara ti dé. Ilé wa! Yàrá wa! Ẹni wa! Bàbá Fẹ́mi gan-an, òwò ló gbé e wá sí Ìdànrè. Kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ kòkó ilé wa?

Oòrùn ti ń wọ̀. Mo ní, "Fẹ́mi, jẹ́ ká lọ."

"Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́. Ó ní kí n má tíì lọ."

Inú bí mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti fa irin náà yọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, irin tí mo kàn dé ìdajì, orí rẹ̀ nìkan ló kù níta. Kò sí ẹni tó lù ú. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó sì fà mí padà.

Mo fi ẹ̀mú já wáyà. Wáyà bọ́ sílẹ̀ níwájú mi báyìí. Hẹ́dífóònù ṣì ń sọ̀rọ̀: "Ọmọ mi. Ọmọ mi."

Mo ṣí i dànù lórí Fẹ́mi, mo wọ́ ọ lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀. A kò gbé bátìrì, a kò gbé ẹ̀rọ.

Mo sọ ọ́ fún màmá mi. Aládùúrà paraku ni wọ́n. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ní, "Yàrá ọ̀tún? Ibẹ̀ ni wọ́n sin ìyá àgbà mi sí. Nígbà tí gbogbo ìlú ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, wọ́n ní àwọn ò lọ." Wọ́n wò mí. "Kí ni wọ́n wí fún ọ?"

"Wọn ò wí nǹkan kan fún mi, Mà."

"Fún Fẹ́mi ńkọ́?"

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n gbàdúrà fún àwa méjèèjì. Mo rò pé ó tán. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, mo máa ń rí Fẹ́mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sí nǹkan kan létí rẹ̀, á fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Lọ́jọ́ kan ó sọ fún màmá mi orúkọ tí ìyá àgbà yẹn fi ń pe ọmọ wọn bí wọ́n bá ń kẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ náà mọ́ láyé àfi màmá mi. Láti ọjọ́ náà, ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò, ti Fẹ́mi ni. Òun ni wọ́n ń pè ní "ọmọ mi," níṣojú mi! Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Lánàá, Fẹ́mi sọdá wá bá mi. Ó ti rù, aṣọ rẹ̀ ń ṣe gbàgẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀.

"Ìyá àgbà ní kí n máa kó bọ̀ lókè," ó ní. "Wọ́n ní kí n wá máa gbé yàrá náà."

Màmá mi ti gbà. Páànù tí wọ́n máa fi bo yàrá náà ti wà lẹ́bàá ògiri wa, ọ̀la ni wọ́n ń gbé e gun òkè. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kí n ní kó má lọ, nítorí mo mọ bí ohun tó di irin yẹn mú ṣe lágbára tó. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé wọ́n béèrè mi?"

Fẹ́mi fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bá mi béèrè. Ó tẹ́tí fún ìgbà pípẹ́, kò wá lè wo ojú mi mọ́.

"Wọ́n ní, ta ni yẹn?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń to irú rédíò yìí, bí ẹ bá dé ahoro ilé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà kí ẹ tó gbé òòlù. Bí ilẹ̀ bá sì gba irin yín láìjanpata, ẹ má yọ̀. Ẹ fà á yọ kíá, nígbà tó ṣì ṣeé fà.