Onílé Wa Tó Di Kabayẹ́rò

Òjò wínníwínní ló ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Àgùdà, irú èyí tí kì í pọ̀, tí kì í sì í dá bọ̀rọ̀. Níta, ó kéré. Nínú yàrá mi, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí páànù tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì mi ti lu. Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ni mo ti ń bẹ onílé wa pé kó tún un ṣe. Ìkòkò ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ń sùn lórí àga.

Wọ́n ní ẹ̀bi mi ni, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe ènìyàn. Onílé wa, tó ń gbé nísàlẹ̀, kì í dáhùn bí oyè rẹ̀ ò bá pé bó ṣe kọ ọ́ sára géètì: Olóyè, Àlàájì, Ẹnjiníà. Ti Olóyè, mi ò mọ ìlú tó ti jẹ ẹ́. Ti Àlàájì, a bá a yọ̀ nígbà tó ti Mẹ́kà dé. Ti Ẹnjiníà, jẹnẹrétọ̀ ló ń tà tẹ́lẹ̀. Ẹyọ kan péré ni mo máa ń pè nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà á sì gbọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀rọ̀ mi.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń bá mi gbé máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa bá àwọn ará Sípéènì sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ náà, mo gbọ́ tó ń pe ẹnì kan ní séńyọ̀, bí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe ń pe ẹni tó jù wọ́n lọ ní sínyọ̀.

Mo ní, "Báwo lonítọ̀hún ṣe jẹ́ sínyọ̀ rẹ? Ohùn ẹ̀ ò tíì gbó tó tìẹ."

"Màmá, kì í ṣe ti ọjọ́ orí. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin nìyẹn."

"Kó dàgbà, kó má dàgbà?"

"Kó ṣáà ti jẹ́ ọkùnrin. Bí wọ́n bá wá fẹ́ gbé e gẹṣin aáyán, wọ́n á ní kabayẹ́rò. Ẹni tó ń gẹṣin ni, láyé àtijọ́."

Mo pè é títí ó fi rọ̀ mí lẹ́nu, mo wá sọ̀ kalẹ̀. Onílé wà ní fàráńdà, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ẹ káàárọ̀, Kabayẹ́rò."

Ẹnu rẹ̀ dúró. "Màmá, ṣé Kábíyèsí lẹ pè mí?"

"Ó fara jọ ọ́. Ti òyìnbó ni. Ẹni ńlá tó ń gẹṣin."

Ó wo abẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹṣin wà níbẹ̀. "Ẹ tún un pè."

Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi ọ̀rọ̀ páànù sí i nídìí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, lónìí gan-an lòun ń pe oníṣẹ́.

Lóòótọ́, nígbà tí òjò dá, oníṣẹ́ dé. Ọ̀dà ló gbé dání. Ó kọ Kabayẹ́rò sára géètì, lẹ́yìn Ẹnjiníà. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ò ráyè, ó bọ́ sára ògiri. Ó palẹ̀ mọ́, ó lọ.

Ọmọ ọmọ mi ní kí n lọ rán onílé létí. Mo ní kó fi í sílẹ̀, ẹni tó wà lórí ẹṣin kì í gbọ́ ti ẹni tó wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ìtòsí Costain, mo mú káfíntà tó kan bẹ́ẹ̀dì mi wá. Ó gorí òrùlé, ó jókòó lé góńgó rẹ̀, ẹsẹ̀ kan lọ́tùn-ún, èkejì lósì, ó ń kan ìṣó. Mo gbé omi tútù jáde, mo nahùn sókè.

"Kabayẹ́rò, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá mumi."

Fèrèsé ìsàlẹ̀ ṣí. "Mo ń bọ̀, Màmá."

"Ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́," ni mo wí. "Ẹni tó ń gẹṣin ni mò ń pè."

Nígbà tí káfíntà mumi tán, mo gbé ìkòkò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sùn, lọ́sàn-án gangan.