Bí Glenys Moxham Ṣe Tú Ọ̀wọ́ Des Ká

Bí o bá wọ bọ́ọ̀sì iléèwé ní Warrenbah, ìlú kékeré kan ní Ọsirélíà, Glenys Moxham ni yóò sọ ibi tí wàá jókòó. Ọmọ tó máa ń jà kò ní jókòó ti ọmọ tó máa ń sunkún. Ó ti ń wa bọ́ọ̀sì náà láti ìgbà tí èmi fúnra mi ti ń gbé báàgì kọ́ apá, n kò sì gbọ́ pé òbí kankan bá a fa ọ̀rọ̀ náà rí. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi rò pé àwọn àgbà ọkùnrin yóò bínú nígbà tó ṣe ohun kan náà nínú ẹgbẹ́ ọdẹ ọlọ́fà.

Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ náà. Col, ọkọ rẹ̀, ló ń tafà. Òun kì í ta á. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí tíì gbóná, kí sọ́séèjì má jóná, kí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ àti àgbọ̀nrín fóòmù tí wọ́n ń ta lọ́fà nínú igbó sì dúró sí ipò wọn. Bàbá tó bí Lachlan Treloar, àgbẹ̀ alágùntàn kan, ló fi igbó náà fún ẹgbẹ́ lò lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí bàbá kú, Lachlan wá wo ìdíje kan, àwọn arúgbó díẹ̀ lórí àga kíká ló bá níbẹ̀. Ó sọ fún Glenys pé òun kò lè fi ilẹ̀ tí àgùntàn òun lè máa jẹko lórí rẹ̀ ṣe ilé ìsinmi àwọn arúgbó. Bí òun bá rí àwọn ìdílé níbi ìdíje ọdún Àjíǹde, ẹgbẹ́ lè máa lò ó lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun yóò ṣọgbà yí i ká.

Kì í kúkú ṣe pé àwọn èèyàn kì í wá. Wọ́n ń wá, wọ́n á yá ọrun ẹgbẹ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á dúpẹ́, wọn kò sì ní padà wá mọ́. Des Kirwan, alága, ní ọ̀lẹ ni wọ́n, pé apá ti ń ro wọ́n kí wọ́n tó fa okùn ọrun. Glenys kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́. Ó fóònù Marivic Sandoval, nọ́ọ̀sì ará Filipíìnì tó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá lẹ́ẹ̀kan, ó ní kó sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Marivic kọ́kọ́ ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn òun. Glenys kò gbé fóònù sílẹ̀.

"Wọn ò bú wa o," Marivic wá sọ. "Wọ́n kí wa dáadáa. Wọ́n sì bá tiwọn lọ. Èmi àtàwọn ọmọ la dá wà nínú koríko, tá à ń wá ọfà kiri. Ta ló máa ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì?"

Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń rìn nínú igbó, ẹni tó bá sì wu oníkálukú ló ń bá rìn. Ọ̀wọ́ Des ti wà láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀: Des, Col, Barry Quaife àti Vern Lusk. Vern ti kú. Wọn kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Níwájú ẹran fóòmù kọ̀ọ̀kan, bí àwọn mẹ́ta bá ti ta tiwọn tán, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á dúró díẹ̀, bí ẹni pé Vern ṣì ń fa okùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó lọ yọ ọfà wọn. Mo bi Col bóyá ọ̀wọ̀ ni tàbí ó kàn ti mọ́ wọn lára. Ó ní òun náà kò mọ̀.

Láàárọ̀ ìdíje Àjíǹde, Glenys lẹ orúkọ mọ́ pátákó. Òun fúnra rẹ̀ ló pín gbogbo èèyàn, àgbà pẹ̀lú àlejò. Col bọ́ sọ́dọ̀ Marivic àtàwọn ọmọ rẹ̀, tí Glenys ti bẹ̀ kí wọ́n tún wá. Des bọ́ sọ́dọ̀ tọkọtaya kan tí wọn kò tíì di ọrun mú rí. Glenys kò sọ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú, kódà Col kò gbọ́, torí ó mọ̀ pé wọ́n á bẹ òun títí òun á fi jáwọ́.

Des ka pátákó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bá a nídìí iná.

"Glen, èmi ò sí nínú bọ́ọ̀sì ẹ o."

"Mo mọ̀, Des. Àwọn yẹn máa ń jókòó síbi tí mo bá ní kí wọ́n jókòó sí."

Barry rẹ́rìn-ín. Des kò rẹ́rìn-ín.

"Àwa mẹ́rin la jọ ń rìn."

"Ẹ ò pé mẹ́rin mọ́. Vern ti kú. Bí Lachlan bá sì ṣọgbà yí ibí ká, kò ní sí ibi tẹ́ ẹ ti máa dúró dè é."

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ìdí sọ́séèjì, lójú àlejò, ló yẹ kó ti sọ ọ́? Òun náà kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Des gbé ọrun rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó wà á lọ sílé. Gbogbo ojú wá wà lára Col. Ó wo eruku ọkọ̀ náà títí ó fi rọlẹ̀, ó sì tẹ̀lé àwọn ọmọ Marivic wọ igbó.

Lachlan dé lọ́sàn-án, ó bá àwọn ọmọdé tí wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó ta ẹlẹ́dẹ̀ fóòmù nídìí. Kò ṣọgbà. Láti ìgbà náà ni ọmọ ẹgbẹ́ ti ń pọ̀ sí i. Glenys ní pípín yẹn ló ṣe é. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọ́n ti ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ìlú pa fún àtúnṣe lásìkò náà, àwọn òbí sì ń wá ibi tí wọn yóò kó ọmọ lọ.

Des fi ipò alága sílẹ̀. Kì í gbé fóònù Col. Ó ń dá wọ igbó lọ dọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó gidi, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, eékún rẹ̀ kan kò sì gbé e mọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ tí ọfà bà tí kò kú máa ń yíjú padà sí ọdẹ. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó lọ bá a.

Láàárọ̀ ìdíje ìgbà òtútù, Glenys ń di búrẹ́dì sínú páálí ní kíṣìnnì nígbà tí Col jáde wá, aṣọ ọdẹ lọ́rùn, kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́.

"Des ló pè ẹ́?" Glenys bi í.

"Kò pè mí. Ó lè má ṣílẹ̀kùn pàápàá." Ó gbé apó ọfà kọ́ èjìká. "Ẹ ti pọ̀ báyìí, Glen. Òun ò lẹ́nì kankan."

Glenys bi í pé kí ni kí òun sọ fún àwọn ọmọ Marivic. Col di okùn bàtà rẹ̀, ó sì jáde.

Nígbà tí Glenys dé igbó, ọkọ̀ ti kún ibùdó. Ó fa igi lé orúkọ ọkọ rẹ̀ lórí pátákó, ó kọ orúkọ Barry sípò rẹ̀, ó sì fọn fèrè kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.