Lẹ́yìn Ọkọ Mi ní Ọ̀nà Òkukù

Ọkọ mi ló mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ìkìrun là ń gbé. Inísà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, òun ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Òkukù. Nígbà tí epo bẹńtiróòlù wọ́n gógó, ó gbé mọ́tò rẹ̀ sílé, ó wá kẹ̀kẹ́ méjì tí wọ́n ti lò lókè òkun, ó tún wọn ṣe, ó ní ká máa gùn wọ́n lọ síbi iṣẹ́. Àwọn aládùúgbò fi wá ṣẹ̀sín títí ó fi sú wọn. Ó wá wọ ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ kan lórí Wásáàpù, àwọn tó máa ń kóra jọ lọ sí ìlú jíjìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn oúnjẹ, ó pè mí jókòó.

"Mọ́mì, wá wò ó. Ìrìn àjò oníkẹ̀kẹ́ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lọ́dún yìí. Ká mú ọ̀kan."

Ọ̀kan máa wáyé ní Ìbàdàn, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan. Wọn á ti ẹnu ọ̀nà, mọ́tò kankan ò ní wọlé títí àwọn oníkẹ̀kẹ́ á fi ṣe tán. Ìkejì jẹ́ ti Èkìtì, òkè lórí òkè. Ìkẹta máa gbéra ní Òṣogbo, á gba títì lọ sí Ilé-Ifẹ̀, á sì padà, kò sì sẹ́ni tó máa dá mọ́tò dúró fún ẹnikẹ́ni.

Mo ní ti Ìbàdàn ló wù mí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọmọdé ni wá, tí a ó máa yí po nínú ọgbà? Ti títì ni ká lọ. Ṣebí títì náà là ń gùn lójoojúmọ́."

Mo gbà.

Gbogbo Sátidé la fi ń múra. A ó mu ògì, a ó jẹ mọ́ínmọ́ín, a ó yẹ táyà àti bíréèkì wò, a ó dé akoto, a ó sì gbéra kí oòrùn tó yọ. A ó gba Inísà kọjá dé Òkukù, nígbà mìíràn a ó dé Igbàyè ká tó padà. Òun ló máa ń wà níwájú, èmi á tẹ̀ lé e. Òfin kan wà tí àwọn olórí ẹgbẹ́ tẹnu mọ́ gan-an: ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Bí mọ́tò bá ń bọ̀, kó pariwo, kí ẹni iwájú gbé ọwọ́ sókè pé òun ti gbọ́, kó sì fà sí ẹ̀bá títì. Òfin yìí là ń fi kọ́ra.

Níbẹ̀rẹ̀, kò sí wàhálà. Bí mo bá ti pariwo "Mọ́tò!", ọwọ́ rẹ̀ á lọ sókè. Nígbà tó ṣe, mo pariwo, ọwọ́ kò lọ sókè. Mo ní afẹ́fẹ́ ló gbé ohùn mi lọ. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kórópe kan, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó èrò, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya aṣọ mọ́ ọn lára.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo ní, "Dádì, ẹ ò gbé ọwọ́ o."

"Mo gbé e. Ìwọ ni o ò rí i."

Mo rí i dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí kẹ̀kẹ́.

Ìyá kan wà lẹ́bàá títì ní Inísà tó ń sun iṣu tà. A máa ń dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí a bá ń padà bọ̀. Lọ́jọ́ kan, bí ọkọ mi ti ń fọwọ́ lápá kan, ìyá náà fà mí mọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé mo ṣẹ ọkọ yín ni?"

"Rárá o, Màmá. Kí ló dé?"

"Àràárọ̀ ni mo ń kí wọn bí wọ́n bá ń lọ síbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti kọjá mi, tí mo kí wọn láti ẹ̀yìn, wọn kì í dá mi lóhùn. Àmọ́ bí wọ́n bá rí ojú mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ." Ó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó tún wò mí. "Ẹ bá mi wò ó dáadáa o."

Láti ọjọ́ náà ni àyà mi kò ti balẹ̀ mọ́. Ohun tí mo ti ń rí nílé bẹ̀rẹ̀ sí í tò jọ lójú mi. Tẹlifíṣọ̀n tó ń ké bí ẹni pé ọjà ni pálọ̀ wa. Fóònù tó máa ń gbé sí etí ọ̀tún, tó ti wá ń gbé sí òsì. Bó ṣe máa ń ta gìrì bí mo bá gba ẹ̀yìn yọ sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ìdáná, mo pè é jẹ́jẹ́, mo tún pè é. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni mo ń wò. Kò mira.

Nígbà tí mo wá bi í léèrè, ojú rẹ̀ le.

"Kí ló ṣe etí mi? Bí o ò bá fẹ́ lọ mọ́, sọ bẹ́ẹ̀!"

Ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó gbé páńpù, ó sì ń fún táyà tó ti le dáadáa ní afẹ́fẹ́. Mo ń gbọ́ páńpù náà láti inú ilé, mo ń retí kí táyà bẹ́.

N kò tún béèrè mọ́. Mo kàn ń gùn lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ fún ẹni méjì. Mo wá mọ ìró kórópe yàtọ̀ sí ti ọ̀kadà, mo sì mọ ti típà tó ń kó òkúta wẹ́wẹ́ kó tó yọ lórí òkè. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ ọ nígbà tí kò sí nǹkan kan lójú títì.

Ọyẹ́ dé, ọjọ́ ìrìn àjò sì ń sún mọ́lé. Ní Sátidé kan, kùrukùru bo òkè Ìkìrun débi pé a kò rí i rárá. Mo ní ká jẹ́ kó là díẹ̀. Ó ní ọyẹ́ kì í dá ìrìn dúró. A kọjá Inísà, ìyá oníṣu kò tíì jáde. Afárá kan wà ṣáájú Òkukù, títì dà gẹ̀rẹ̀ lọ bá a. Ibẹ̀ la wà tí mo fi gbọ́ típà.

"Mọ́tò!"

Ó ń lọ.

"Dádì! Típà!"

Kòtò kan wà níwájú rẹ̀. Ó yà fún un, ó sì bọ́ sí àárín títì gan-an. Típà ti wà lẹ́yìn mi, fèrè rẹ̀ ń han goooro. Mo pe orúkọ ọkọ mi, orúkọ àbísọ rẹ̀ tí n kò fi ẹnu mi pè láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó. Kò wẹ̀yìn. Típà ré mi kọjá, ó fì sọ́tùn-ún, ó ya wọ inú koríko, òkúta wẹ́wẹ́ dà wàràwàrà sójú títì. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbá ọkọ mi lulẹ̀ ló tó mọ̀ pé ohun kan wà lẹ́yìn òun.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti jókòó, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Awakọ̀ típà náà bẹ́ sílẹ̀, ó sáré wá bá wa.

"Bàbá! Ṣé adití ni yín ni?"

Ọkọ mi tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ kú ewu. Ẹ má bínú sí wa."

"Mo ní, ṣé ẹ kò gbọ́ fèrè ni?"

Ọkọ mi yíjú sí mi. "Kí ló wí?"

Awakọ̀ náà wo èmi, ó wo òun. Ó ṣí fìlà lórí. "Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Mi ò mọ̀ ni."

Ẹsẹ̀ la fi rìn padà, a ń ti kẹ̀kẹ́. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Inísà, ọkọ mi sọ̀rọ̀.

"Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá mi nìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ ń pariwo sí i. Nígbà tó yá, wọn ò sọ nǹkan kan fún un mọ́. Wọ́n á jókòó yí i ká, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ilé, òun á máa wo ẹnu wọn. Mo rò pé bí mi ò bá wí fún ẹnikẹ́ni, kò tíì dé bá mi."

Mo lọ sí apá òsì rẹ̀, mo sì sọ pé mo gbọ́.

Dókítà tí a lọ rí ní Òṣogbo kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní etí ọ̀tún ti lọ, ti òsì náà ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, a ó sì wá ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí fún un. Nígbà tí a délé, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ní ká fi ti Ilé-Ifẹ̀ sílẹ̀, ká lọ sí ti Ìbàdàn.

A lọ. Mọ́tò kankan kò sí nínú ọgbà náà lóòótọ́. A gùn ún ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, èmi lápá òsì rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí mi ò ṣe rí i kó rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tó gbẹ̀yìn la bá dé. Èmi ni mi ò yéé wẹ̀yìn. Gbogbo ìgbà tí mo bá wẹ̀yìn, òfìfo ni títì, síbẹ̀ ọrùn mi kò sinmi.

Mo rò pé yóò máa wọ kórópe lọ sí Òkukù lẹ́yìn náà. Dípò bẹ́ẹ̀, ó de dígí kékeré tí yóò máa fi wo ẹ̀yìn mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún.

Ó ní, "Bí mo bá sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lónìí, kí ni wọ́n á ní kí n sọ sílẹ̀ lọ́la?"

Bẹ́ẹ̀ là ń bá a lọ títí di òní, a sì ń tọ́jú owó ẹ̀rọ etí náà lọ́wọ́. Láràárọ̀, a jọ máa ń gùn dé Inísà, èmi lẹ́yìn. Mo máa ń yà sí ilé ẹ̀kọ́, òun á sì dá nìkan lọ. Mo máa ń dúró lẹ́nu géètì títí n kò fi ní rí i mọ́, bí típà kan bá sì gba ibẹ̀ kọjá sí ọ̀nà Òkukù, mo máa ń fi ojú sìn ín. Nígbà tó bá débi iṣẹ́, á kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé òun ti dé. Nígbà mìíràn ó máa ń gbàgbé. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò lè kọ́ àwọn ọmọ náà ní ohun tó yanjú. Mo kàn máa ń ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn, kí wọ́n máa kà á sínú.