Ilà Omi Lára Ògiri Ìyá Àgbà

Lásìkò Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó mú nǹkan le, nígbà tí iléeṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró ní Ṣàngó-Ọ̀tà, omi òjò a máa wọ yàrá ìyá bàbá mi lọ́dọọdún. Ìyá àgbà ò lè dìde fúnra wọn mọ́. Lọ́dún tó ṣáájú, omi ti gbé ìrọ̀rí kúrò lábẹ́ orí wọn kí ìyá mi tó gbé wọn jáde. Nílé kéwú, àdúrà mi kò ju pé kí òjò má bá wọn nìkan nílé.

Ìròyìn dé pé wolé-wolé káńsù ń bọ̀ ládùúgbò wa. Ta ni kì í bẹ̀rù wolé-wolé? Kíá ni gbogbo ilé gbálẹ̀, wọ́n bo àmù, wọ́n sì fi ẹfun kun ẹsẹ̀ ògiri níbi tí ẹ̀kún omi fi ilà pupa sí, kí wọ́n má bàa dé kóòtù.

Obìnrin ni wolé-wolé tó dé, ó wọ bàtà rọ́bà gígùn, ọ̀pá ìwọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ògiri títí.

"Ta ló ní kí ẹ kunlé? Ilà omi yẹn gan-an ni mo wá wò! Gọ́tà kan ṣoṣo ni káńsù lè gbẹ́ kí òjò tó dé. Bí mi ò bá rí ẹ̀rí níbí, àdúgbò kejì ni gọ́tà náà yóò lọ."

Bàbá onílé wa káwọ́ lérí. "Aǹtí, a rò pé ẹ wá mú wa ni."

"Ẹfun yín dára, bàbá. Ṣé ó máa gba omi dúró?"

Ibẹ̀ ni ohùn ìyá àgbà ti jáde láti yàrá: "Ẹ ní kí wolé-wolé wọlé o! Ṣebí ìta ló ń wò látàárọ̀."

Ẹ̀yìn ibùsùn wọn nìkan ni ẹfun ò dé, torí wọ́n kọ̀ kí ẹnikẹ́ni gbé àwọn kúrò nítorí wolé-wolé. Ilà náà hàn gedegbe. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí wọn ná, kó tó na ọ̀pá rẹ̀.

"Ìyá, omi yìí ga ju ibùsùn yín lọ."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Èmi ni mo sùn lórí ẹ̀."

Mi ò tíì rí òṣìṣẹ́ ìjọba bíi rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní kí ìyá àgbà sọ bí òjò ṣe rí nígbà èwe wọn. Ó ṣàlàyé fún wa pé òjò ti ń yí padà, pé ilẹ̀ tó ń fà á mu tẹ́lẹ̀ ti di ilé àti iléeṣẹ́. A ò lè ní kó má rọ̀. Àwa la máa ṣínà fún un. Káńsù kó símẹ́ǹtì wá, àwọn ọkùnrin tí iléeṣẹ́ dá dúró gbẹ́lẹ̀, lèmọ́mù wa sì gbà kí gọ́tà gba ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Obìnrin náà pín kíkó ìdọ̀tí gọ́tà fún wa láti ojúlé dé ojúlé, ó sì ń padà wá wò ó. Títí dòní, bí mo bá kírun tán, mo ń fi í sádùúrà.

Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ dé, ìyá mi ti kó ẹrù sórí tábìlì. Omi ò wọlé. A ń gbọ́ bó ṣe ń hó kọjá nínú gọ́tà. Ìyá àgbà na ọwọ́ kan ilẹ̀ gbígbẹ.

"Alihamudulilahi," ni wọ́n wí. "Ẹ bá mi kí omi tó ń kọjá yẹn o. Ẹ ní kó má yà."